Ìkànkùn Mẹ́ta Lẹ́nu Ọ̀nà Bàbá Méjọ̀

Agogo mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé ni wọ́n fi ìpàdé sí, pé kí gbogbo ẹbí jókòó ní pálọ̀, kí wọ́n rántí Bàbá Méjọ̀ tó ti pé ọdún kan lábẹ́ ilẹ̀. Agogo mẹ́sàn-án kò tíì lù tí Sájẹ́ǹtì ti jókòó sẹ́yìn máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ ní yàrá iwájú, tó ń ka bébà mẹ́rin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Mẹ́ta àkọ́kọ́, ìtàn ìgbésí ayé bàbá ni. Ẹ̀kẹrin, ọ̀ràn tí òun fúnra rẹ̀ dá ni. Ó ti pinnu pé òun á kà á sókè létí gbogbo wọn lónìí. Bí wọ́n bá fẹ́ lé òun jáde nílé, kí wọ́n lé òun. Ẹrù náà ti ju ohun tí ọrùn kan lè rù lọ.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ o. Sájẹ́ǹtì kò wọ aṣọ ológun rí. Aránṣọ ni, ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, tó jẹ́ pé bí ó bá rí aláǹgbá, ìta ni yóò sá lọ. Bàbá Méjọ̀, bàbá tó bí ìyá rẹ̀, ló fi oyè náà jẹ ẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, lọ́jọ́ tó ka ìṣirò ìsọdipúpọ̀ títí dórí méjìlá láìkọsẹ̀. Oyè náà sì lẹ̀ mọ́ ọn títí àwọn oníbàárà fi gbà á sẹ́nu: "Sájẹ́ǹtì, ṣé bùláòsì mi ti délẹ̀?"

Á sì ti délẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ àwọn aránṣọ. Bí aránṣọ bá ní kí o wá lọ́jọ́ Ẹtì, kò kúkú sọ Ẹtì èwo. Ti Sájẹ́ǹtì kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ku ọ̀la tí oníbàárà ń bọ̀, bàbá á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá iwájú, á kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, á máa wo aago ara ògiri. Kò ní sọ nǹkan kan. Ta ló lè máa ṣe ìmẹ́lẹ́ lábẹ́ irú ojú bẹ́ẹ̀?

Ohun tó wà nínú bébà kìíní nìyí. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni bàbá nígbà tó wọ iṣẹ́ ológun. Ó jagun, ọta ìbọn sì bà á nítan. Àwọn tó jẹ́ pé òun ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń di okùn bàtà gba oyè kọjá rẹ̀, wọ́n di ọ̀gá pátápátá. Òun dúró sórí Méjọ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò bínú, tàbí ó bínú tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọdún tó fẹ̀yìn tì gan-an ni bàbá tó bí Sájẹ́ǹtì jáde nílé pé òun ń lọ ra bátìrì rédíò. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Sájẹ́ǹtì nígbà náà. Títí di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ọkùnrin náà kò tíì rí bátìrì rà.

Ìyá rẹ̀ wá iṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn, ó di alábòójútó ní ilé ìwé tí àwọn ọmọ ń gbé, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń wálé. Ìyá àgbà ti kú tipẹ́. Bàbá Méjọ̀ nìkan ló kù pẹ̀lú ọmọ kékeré àti orí tó kún fún irun. Kí ni ó ṣe? Ó mú ìwé àkọsílẹ̀ àti lẹ́ẹ̀dì, ó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí tó wà ní òdìkejì títì, ó jókòó láàárín àwọn obìnrin fún ọ̀sán mẹ́ta gbáko, ó ń béèrè ìbéèrè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ kẹrin, ó dá irun ọmọ-ọmọ rẹ̀ dì. Ó gún régé bí ìlà àwọn ṣọ́jà, ṣùgbọ́n ó fún débi pé ọmọ kò lè pa ojú dé dáadáa fún ọjọ́ méjì. Sájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín níbi tó ti ń kà á. Bó ti ń rẹ́rìn-ín náà ni ọkàn rẹ̀ ń gbọgbẹ́, nítorí ó mọ ibi tí bébà náà ń lọ.

Bébà kejì dá lórí àrà kan tí bàbá máa ń dá. Bí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ mọ́ àṣẹ, kì í bá Sájẹ́ǹtì sọ ọ́ tààrà. Ìyá rẹ̀, tó fi oyè Kápúténì jẹ, ló gbọ́dọ̀ gbẹnu rẹ̀ kọjá. Ìbáà ṣe pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ jókòó ní pálọ̀ kan náà.

"Kápúténì, sọ fún Sájẹ́ǹtì pé síkẹ́ẹ̀tì yẹn ti kúrú jù."

Ìyá á yíjú sọ́mọ. "Sájẹ́ǹtì, Bàbá ní síkẹ́ẹ̀tì rẹ kúrú."

"Màmá, ẹ bá mi sọ fún wọn pé bí gbogbo ẹgbẹ́ mi ṣe ń wọ̀ ọ́ nìyẹn."

"Kápúténì, sọ fún un pé mi ò bí gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀."

Bí àlejò bá wà níbẹ̀, á rò pé orí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dàrú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kápúténì bi bàbá rẹ̀ léèrè ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, èsì tó fún un nìyí: "Ìwọ kì í sí nílé. Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń pàṣẹ fún ọmọ rẹ ní gbogbo ìgbà, lọ́jọ́ kan á gbàgbé pé ìwọ lo bí i." Ìfẹ́ ni. Àwọn ológun kò mọ ìfẹ́ ṣe bí èèyàn tó kù, àṣẹ ni wọ́n ń fi í ṣe.

Àṣẹ kan sì wà tó ti wà nílé náà kí wọ́n tó bí Sájẹ́ǹtì. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn yàrá Bàbá Méjọ̀ wọlé. Kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, kí o dúró. Bó bá ní "Wọlé," wọlé. Bí o kò bá gbọ́ "Wọlé," padà sẹ́yìn, kí o tún wá lẹ́yìn wákàtí kan. Kò sí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó béèrè. Lọ́dún tí ibà fẹ́ẹ̀ gbé Sájẹ́ǹtì lọ, ó wà lọ́mọ ọdún méje, ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dúró síta tó ń gbọ̀n títí ó fi gbọ́ "Wọlé." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ọ.

Bébà kẹrin nìyí wàyí.

Ọjọ́rú ni, agogo méje àárọ̀. Ó gbé tíì àti búrẹ́dì bàbá dé ẹnu ọ̀nà, ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Kò gbọ́ "Wọlé." Ó gbọ́ nǹkan tó já bọ́ nílẹ̀, ó tún gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí àgbàlagbà ń wú ikọ́ tí kò fẹ́ jáde. Ó ní, "Bàbá?" Ohùn náà tún dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kó ti ilẹ̀kùn. Ọwọ́ rẹ̀ ti dé orí ọwọ́ ilẹ̀kùn pàápàá, kó tó mú un kúrò. Ó gbé tíì náà sórí àpótí, ó padà sídìí máṣíìnì, nítorí aṣọ oníbàárà kan gbọ́dọ̀ parí lọ́jọ́ náà, bàbá náà ló sì kọ́ ọ pé ọjọ́ kì í yẹ̀. Agogo mẹ́jọ, ó padà wá. Tíì ti tutù, awọ ti dà bò ó. Ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan rárá, ló tó tì í. Ilẹ̀kùn náà kò ṣí tán, nítorí bàbá wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ti fi àyà wọ́ dé ibẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí ilẹ̀kùn. Ó ṣì ń mí.

Agogo mẹ́ta ọ̀sán ló kú ní ọsibítù. Dókítà náà kò ní ìkà nínú, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní, "Ká ní wákàtí kan péré ṣáájú lẹ gbé wọn dé ni, bóyá." Bóyá yẹn ni Sájẹ́ǹtì ti ń gbé kiri láti ọjọ́ náà. Ìyá rẹ̀ nìkan ló sọ fún, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, kété tí ìyá náà wọlé láti inú ọkọ̀ tó ti ibi iṣẹ́ gbé e wá. Ó sọ gbogbo rẹ̀ tán, ohùn ikọ́ àti gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró bí igi. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí.

"Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé o gbọ́? Ẹnikẹ́ni."

Sájẹ́ǹtì gbà pé ìyá òun ń da aṣọ bo òun ni. Ó fẹ́ràn rẹ̀ sí i nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn aládùúgbò ń kí i pé, "O kú ìtọ́jú bàbá, ọmọ dáadáa ni ẹ́," ó ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣé." Ó ń wọlé, ó ń ti ilẹ̀kùn, ó ń sunkún sínú aṣọ oníbàárà. Ọdún kan nìyẹn. Ẹni tí kò bá rí i rí kó má sọ pé òun mọ ohun tí ojú ń rí.

Nígbà tí agogo mẹ́wàá lù, pálọ̀ ti kún. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ẹbí ni gbogbo wọn, àfi ẹnì kan. Ẹni náà ni Bàbá Awakọ̀, arúgbó tó wa ọkọ̀ fún Bàbá Méjọ̀ ní bárékè, tó sì tún ń wá wà á fún un lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n Kápúténì ọkùnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Bùrọ̀dá, ló ń darí ètò. Ọkùnrin yìí lè darí ètò kódà nígbà tí kò bá sí ètò. Kápúténì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ká áńkáṣíìfù rẹ̀ sórí itan.

Bùrọ̀dá sọ̀rọ̀, ó gùn. Àbúrò bàbá sọ̀rọ̀, òun náà gbìyànjú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí Bàbá Awakọ̀ sọ tirẹ̀, kí Sájẹ́ǹtì wá fi ìwé kíkà kádìí rẹ̀.

Bàbá Awakọ̀ dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dìde sọ ọ́. N kì í jókòó sọ̀rọ̀ ọ̀gá mi." Ó wo gbogbo pálọ̀ yíká. "Gbogbo yín lẹ mọ òfin ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ rò pé ìgbéraga ni, àbí? Mo mọ̀ pé ẹ rò bẹ́ẹ̀, èmi náà rò ó kí n tó mọ̀."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun dé, ó fẹ́ẹ̀ tó àádọ́ta ọdún báyìí, wọ́n ń sùn lọ́sàn-án. Kápúténì yìí, ọmọ ọdún márùn-ún, sáré wọlé lọ jí wọn. Kí ọ̀gá mi tó mọ ibi tí wọ́n wà, wọ́n ti fi ọwọ́ méjèèjì di ọmọ wọn lọ́rùn. Ìyá ẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, ló já a gbà. Ọ̀gá mi wá sínú mọ́tò, wọ́n jókòó sẹ́yìn, wọ́n sunkún bí ọmọdé. Wọ́n ní, 'Awakọ̀, mo fẹ́ẹ̀ pa ọmọ mi.' Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣe òfin náà. Kì í ṣe torí kí ẹ lè bẹ̀rù wọn. Àwọn ni wọ́n ń bẹ̀rù ara wọn."

Bùrọ̀dá yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Sájẹ́ǹtì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń ronú pé bàbá òun fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣọ́ wọn lọ́wọ́ ara rẹ̀, òfin tó fi ṣọ́ wọn náà ni òun sì fi pa á.

Ká ní Bàbá Awakọ̀ ti jókòó níbẹ̀ ni! Ṣùgbọ́n ta ló ń dá arúgbó dúró bó bá ti bọ́ sójú ọ̀rọ̀?

"Ẹ tún gbọ́ èyí," ó ní. "Oṣù tó ṣáájú ikú wọn, òòyì kọ́ wọn ní balùwẹ̀, wọ́n ṣubú. Èmi nìkan ni wọ́n sọ fún. Wọ́n ní, 'Awakọ̀, ọwọ́ yìí kò lágbára tó lè pa ẹnikẹ́ni mọ́. Ó tó kí n fagi lé àṣẹ yẹn.' Mo ní, 'Ẹ sọ fún Sájẹ́ǹtì lónìí, sà.' Wọ́n ní rárá, ìyá ẹ̀ ló máa sọ fún un. Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn kí wọ́n tó kú, tí a gbé Kápúténì lọ síbùdókọ̀, lójú mi báyìí ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ní, 'Kápúténì, sọ fún Sájẹ́ǹtì pé láti òní lọ, kó máa ṣílẹ̀kùn wọlé. Kó má kàn án mọ́.'" Ó nu ojú rẹ̀. "Inú mi dùn pé ọ̀gá mi rí ìtura yẹn kí wọ́n tó lọ. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere."

"Àmín," ni gbogbo ilé wí.

Sájẹ́ǹtì kò ṣe àmín. Ó ń wo ìyá rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n Kápúténì kò jẹ́ kí ojú òun pàdé tirẹ̀. Ó ti ká áńkáṣíìfù náà títí tí kò fi ṣeé ká mọ́, ó tún tú u, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù padà bọ̀ sétí ọmọ. Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Ti Kápúténì kò mì fún odidi ọdún kan, ó sì ń wo ọmọ rẹ̀ tó ń jóná lójú ara rẹ̀.

"Sájẹ́ǹtì," ni Bùrọ̀dá pè, "ó kàn ẹ́ o."

Ó dìde. Ó ka bébà kìíní, wọ́n rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ bátìrì, wọ́n rẹ́rìn-ín sí irun tó fún jù. Ó ka ìkejì, Bùrọ̀dá rẹ́rìn-ín títí ó fi wú ikọ́. Ó ka ìkẹta, tó dá lórí bí bàbá ṣe máa ń dúró sẹ́nu géètì ilé ìwé títí Sájẹ́ǹtì yóò fi wọ kíláàsì, kódà nígbà tó ti dàgbà tó ń tijú rẹ̀. Ìkẹrin wá kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣé ẹ rí i, kí Bàbá Awakọ̀ tó sọ̀rọ̀, ara òun nìkan ni bébà yẹn ì bá bà jẹ́. Nísinsìnyí, bí ó bá ka ìlà méjì péré níbẹ̀, ẹni tí kò gbọ́n jù nínú pálọ̀ á so ó pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá Awakọ̀. Gbogbo ojú á kúrò lára ọmọ, á bọ́ sára ìyá, kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́ títí wọn yóò fi sin ín. Ó wo ìyá rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan yìí, ìyá náà gbé ojú sókè. Ó mọ ohun tó wà nínú bébà kẹrin. Kò sí ẹni tó sọ fún un, ó mọ̀ ọ́n.

Sájẹ́ǹtì ká bébà náà sí méjì. "Ó parí síbẹ̀," ó ní. "Ẹ ṣeun."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àbúrò bàbá ní kí ìran yẹn má parẹ́.

Ó sá lọ sí ilé ìdáná pé òun fẹ́ po tíì fún àwọn àlejò. Kò pẹ́ tí Kápúténì fi wọlé tọ̀ ọ́, tó sì ti ilẹ̀kùn.

"Mo gbàgbé ni," ó ní. "Kòńdọ́ ń pariwo pé ọkọ̀ ti kún, mo sáré gòkè. Mo ní tí mo bá débẹ̀ n ó pè ẹ́. Nígbà tí mo débẹ̀, ọmọ ilé ìwé kan ń ṣàìsàn. Mo gbàgbé, ọmọ mi. Ìgbà tí o sọ̀rọ̀ ní ọsibítù ni mo tó rántí."

"Ẹ sì ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ẹ̀rù bà mí."

"Mo rò pé èmi lẹ ń dáàbò bò."

Omi tíì ń hó lórí iná, Sájẹ́ǹtì pa iná náà.

"Màmá, ẹ wálé lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ rí i bí mo ṣe ń gbẹ. Ẹ bi mí pé ṣé mò ń jẹun. Mo sọ fún yín lẹ́nu ara mi pé èmi ni mo pa Bàbá. Kí lẹ sọ fún mi?"

"Mo ní Ọlọ́run ló fún ni, òun náà ló gbà á."

"Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe sọ."

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Ìyá, níwájú ọmọ tó bí! Ọwọ́ kan ti kan ilẹ̀ kí Sájẹ́ǹtì tó gbá a mú lápá, tó gbé e dìde. Ẹ má rò pé àánú ló ṣe é. Ojú rẹ̀ gbẹ, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè.

"Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé kò pààyàn, mo mọ̀. Ká ní ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn ni, à bá jọ gbá ara wa mú, à bá jọ sunkún bàbá wa. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n dá a sun tán. Kò sí omi kankan lójú mi mọ́ tí mo lè fi bá yín sun tiyín."

Bùrọ̀dá ń pariwo láti pálọ̀ pé tíì dà. Sájẹ́ǹtì to àwọn ife sórí tírè, ó da tíì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó ní kí ìyá òun jọ̀ọ́ sún díẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbé e lọ bá àwọn àlejò.